Asẹ́ ní Òpópónà Tòkunbọ̀

Ọ̀la ni Ọjọ́ Ẹtì Rere.
Ẹ̀wà ti wú nínú omi láti àná,
mo ti rin àgbọn mẹ́fà, èékánná mi méjì ti ya,
ni Ọlátòkun bá mú ìyàwó rẹ̀ wọlé láti pápákọ̀ òfurufú.
Ó ní, "Mọ́mì, Áílìn nìyí. Ó fẹ́ bá yín dáná."

Mo wo ọmọ náà láti orí dé bàtà.
Irun rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin.
Mo ní, ṣé òyìnbó Jámánì rèé?
Ó ní Jámánì ni òun, Dọ́tímúndì ni wọ́n bí òun sí,
ṣùgbọ́n bàbá bàbá òun ló ti ilẹ̀ Tọ́kì wá
láti wa èédú fún wọn lábẹ́ ilẹ̀.
(Ọmọ mi ló ń túmọ̀, ó ń fo ibi tí kò wù ú.)
Èédú! Mo wo inú àdògán mi.
N kò sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: n kò fẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀wà yẹn.
Fùréjọ̀n kì í ṣe oúnjẹ tí àlejò fi ń kọ́ṣẹ́.
Felisíánà, ìyá ìyá mi, ló kọ́ ìyá mi,
ìyá tirẹ̀ ló gbé e bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti Bàhíà,
pẹ̀lú kànáfùrù ní etí aṣọ,
pẹ̀lú orúkọ tí ará àdúgbò ò lè pè.
Wọ́n ní, "Kí ni Àgùdà ń fi ṣúgà ṣe nínú ẹ̀wà?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.
Lọ́dún kejì, wọ́n gbé abọ́ wá.

Mo gbé aṣọ asẹ́ lé e lọ́wọ́ kí iṣẹ́ lè sú u.
Ó ká etí aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ,
ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó fi àtàǹpàkò ti ọrùn rẹ̀,
ó ń fún un díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn.
Èèpo dúró sókè. Omi ẹ̀wà ń ṣàn bọ̀.
"Ta ló kọ́ ọ?"
Mo ti gbàgbé pé kò gbọ́ Yorùbá.
Ó mọ ohun tí mo bi í.

Ìyá àgbà rẹ̀, ní àjà kẹta ilé kan ní Dọ́tímúndì,
a máa so wàrà kíkan sínú aṣọ báyìí, kọ́ sára irin bákónì,
a sì máa kán, tó, tó, tó, sórí òdòdó obìnrin ìsàlẹ̀,
Hẹ́ligà, opó kan tí kì í kí ẹnikẹ́ni.
Hẹ́ligà kọ̀wé sí onílé nítorí wàrà.
Ó kọ òmíràn nítorí áyù.
Lọ́jọ́ kan tí yìnyín dí ọ̀nà ọjà,
ó gun àtẹ̀gùn wá, pọ̀tétò sísè lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ní bí wàrà yẹn bá ṣẹ́ kù, ẹ bu díẹ̀ sí i fún mi.
Ó ti kú báyìí. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ lọ́jọọjọ́ Sátidé,
wọ́n ní oúnjẹ ìbílẹ̀ àwọn ni.

"Pọ̀tétò ńkọ́? Ṣé ìyẹn jẹ́ tiwọn?"
Áílìn rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ìyẹn náà, ó ní, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá.

Lọ́sàn-án ọ̀la a pín in.
Ẹfúà, aránṣọ ará Gánà tó ń gbé bọ́ìkọ́tà,
dá abọ́ tirẹ̀ padà kíá, kẹ́ńkẹ́ méjì nínú rẹ̀.
Ti Àlhájà Rálíátù òkè kò tíì dé,
abọ́ rẹ̀ kì í padà lófìfo,
Iléyá ló ń dúró dè.

Nígbà tí mo yíjú, Áílìn ti fi áyù sínú ọbẹ̀ ẹja.
Mo rí i. Mo tọ́ ọ wò.
Mo tún tọ́ ọ wò.
Ẹ má sọ fún Felisíánà.